Owú Ìwé

Fún ọdún mẹ́rìndínlógún, Làtífátù nìkan ni wọ́n ń pè ní Tíṣà nínú ilé Ṣàmsúdéènì ní Lásúnwọ̀n, Ìkòròdú. Ìwé ẹ̀rí NCE rẹ̀ wà nínú férémù lára ògiri pálọ̀, lókè tẹlifíṣọ̀n, kò sí àlejò tó máa jókòó tí kò ní rí i. Bí lẹ́tà bá ti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ dé, òun ni wọ́n ń gbé e fún. Bí aládùúgbò bá fẹ́ kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ ní Kánò, ẹnu ọ̀nà Làtífátù ló máa jókòó sí títí tí yóò fi ti ibi iṣẹ́ dé. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan náà la ti jọ ń ṣiṣẹ́, tábìlì tèmi kọjú sí tirẹ̀. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ó sì ní bí mo bá máa sọ ọ́, kí n má bo ibì kankan mọ́lẹ̀.

Ìwó ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti wá. Ṣàmsúdéènì ń tọ́jú ilé ẹrù fún iléeṣẹ́ kan ní Marínà. Ọkọ̀ ojú omi ló máa ń wọ̀ láti Ìpakòdó ní ìdájí, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń padà wọlé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í fẹ́ gbọ́ ariwo. Ní ọdún 1997, ó fẹ́ ìyàwó kejì, Kúbúrátù, aránṣọ, ọmọ Ẹ̀pẹ́. Làtífátù sọ fún mi pé ní ọjọ́ tí wọ́n mú ìyàwó wọlé, òun ò jowú rárá. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ó rí i lójú mi.

"Kí ni n ó máa jowú sí?" ó ní. "Ọmọ mẹ́ta ni mo ti bí nígbà yẹn. Ìwé mẹ́wàá lòun kà, kò sì yege nínú ìṣirò. Ẹwà ló fi jù mí lọ, ẹwà a sì máa ṣá."

Kúbúrátù ní tirẹ̀ kò fi ojú kékeré wò ó. "Ìyálé mi" ló ń pè é, orí ìkúnlẹ̀ ló sì ti ń kí i láràárọ̀. Òun ló ń rán aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo àwọn ọmọ ilé náà. Bí Fisáyọ̀, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, bá gba iṣẹ́ àṣetiléwá bọ̀, pálọ̀ ìyálé ló ń darí ẹ̀ sí. Ilé tòrò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004, ní ọ̀sán Sátidé kan, Kúbúrátù wọlé pẹ̀lú bébà kan tí wọ́n tẹ̀ jáde láti ara kọ̀ǹpútà. Ó kúnlẹ̀.

"Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá mo kọ ọ́ dáadáa."

Làtífátù wo bébà náà. Fọ́ọ̀mù yunifásítì ni, èyí tí èèyàn ń ṣe láti ilé rẹ̀, tí wọ́n ń fi ìwé àti síídì ránṣẹ́ síni, tó jẹ́ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti ń forúkọ sílẹ̀. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé Kúbúrátù ti lọ tún ìdánwò ìṣirò yẹn ṣe, tó sì ti yege. Ó ka fọ́ọ̀mù náà sísàlẹ̀ títí ó fi dé ibi tí wọ́n ti béèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ kọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ni Kúbúrátù kọ síbẹ̀.

"Tíṣà lo fẹ́ ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o, ìyálé mi. Ẹ̀yin ni mo wò."

"Ta ló máa wá kọ́ ẹ? Yunifásítì wo ni kò ní kíláàsì?"

"Wọ́n ní a ó máa kà á fúnra wa ni. Ibì kan wà ní Èkó tí a ó máa lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ náà la ó ti máa ṣe ìdánwò."

Làtífátù rẹ́rìn-ín, ó sì dá bébà náà padà fún un. "Ìwé tí kò ní tíṣà! Lọ ṣe é. Kò ní pẹ́ sú ẹ."

Kò sú u. Kúbúrátù á gbé ìwé lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ, á máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, á máa fi ojú ka ìwé. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "akẹ́kọ̀ọ́ wa." Ọ̀rọ̀ yìí ń dun Làtífátù, ṣùgbọ́n kò tíì dé egungun. Ohun tó dé egungun ṣẹlẹ̀ ní ọdún kejì. Iléeṣẹ́ Ṣàmsúdéènì fẹ́ da àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù nù. Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n fún un ní ọ̀kan. Ó wé e sínú tapólì kí omi má bàa ta sí i nínú ọkọ̀, ó sì gbé e wá sílé láti Ìpakòdó lórí itan ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ mìíràn. Làtífátù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí i tó ń bọ̀, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè ráyè wọlé. Ọkọ rẹ̀ kí i, ó gbé ẹrù náà kọjá níwájú rẹ̀, ó sì wọ yàrá Kúbúrátù lọ.

Ó dúró dè é títí ó fi jáde. "Bàbá Mujeeb, kí lẹ gbé?"

"Kọ̀ǹpútà ni. Mo ní kí Ìyá Fisáyọ̀ máa fi kàwé."

"Èmi ńkọ́?"

Ó ya ọkùnrin náà lẹ́nu, kò sì ní nǹkan burúkú kan lọ́kàn. "Ìwọ? Ṣebí ìwọ ti kàwé tán."

Làtífátù sọ fún mi pé òun wọlé lọ, òun sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú gèlè lórí. Ìwọ ti kàwé tán. Bí wọ́n ṣe ń sọ pé èèyàn ti gbó tán ló ṣe dún létí òun.

Láti ìgbà náà ni owú gidi ti wọ̀ ọ́ lára. Mujeeb, àkọ́bí rẹ̀, ń múra ìdánwò JAMB lọ́wọ́ nígbà náà, pálọ̀ ìyá rẹ̀ ló sì ti máa ń kàwé láti kékeré. Nígbà tó yá, bí iná bá ti dé ní ìrọ̀lẹ́, á ṣa ìwé rẹ̀, á di yàrá Kúbúrátù. Àwọn àbúrò rẹ̀ á tẹ̀lé e. Làtífátù á jókòó nìkan, á máa gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ara ògiri. Lọ́jọ́ kan, ó pè é.

"Mujeeb, kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Mọ́mì, ẹ̀rọ yẹn máa ń pe ọ̀rọ̀ síta bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é. Béèyàn bá kọ nǹkan tí kò dáa, á fa ìlà pupa sí i nídìí."

"Èmi kì í fa ìlà pupa sí ìwé yín ni?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Síbẹ̀, kò yéé lọ.

Ó tún sọ fún mi nípa àwọn nǹkan mìíràn tí òun ṣe, ojú sì ń tì í bó ṣe ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí Kúbúrátù ń tẹ iṣẹ́ rẹ̀, tí iṣẹ́ náà sì sọ nù, á tètè jáde láti lọ kí i pẹ̀lẹ́, kó lè rí bójú rẹ̀ ṣe rí. Ó máa ń yọ́ ka ìwé tí Kúbúrátù bá gbàgbé sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, kó lè bá àṣìṣe pàdé níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó rí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ṣì kọ, ó ní bí ẹni pé òun jẹ tẹ́tẹ́ ni. Lórí ìrun gan-an, etí rẹ̀ máa ń wà níbi tí wọ́n ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, tí á sì gbàgbé iye rákà tó ti kí. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo àwa olùkọ́ lọ kọ́ kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ méjì, òun nìkan ló gba àyè pé ojú ń dun òun.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò lọ.

"Bí mo bá lọ kọ́ ọ," ó ní, "á jẹ́ pé mo ti gbà pé ó mọ ohun tí mi ò mọ̀."

Báyìí ni wọ́n ṣe wà títí di ọdún 2007. Mujeeb ti wọ yunifásítì ní Ìbàdàn. Kúbúrátù ti dé ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ló bá ti ṣọ́ọ̀bù, ó gba ilé ìyá rẹ̀ lọ. Òun ló ń yí i padà lórí ibùsùn, òun ló ń fún un lóúnjẹ, kò lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó fi fóònù pe Làtífátù.

"Ìyálé mi, mo fẹ́ bẹ̀ yín ni o. Ní ọ̀la, bó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì pa. Bí mi ò bá yan tèmi, mi ò ní lè ṣe ìdánwò sáà yìí. Mo máa fi nọ́ńbà mi àti páswọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Bàbá Mujeeb ò mọ̀ ọ́n, Mujeeb ò sí nílé. Ẹ̀yin nìkan ni ọ̀mọ̀wé tí mo ní."

"Níbo ni n ó ti ṣe é?"

"Kafé Festus ni, ní Benson. Ẹ kàn sọ fún Festus, á fi hàn yín."

"Ṣé èmi ni Festus á wá máa fi nǹkan hàn?"

"Ẹ má bínú, ìyálé mi. Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n."

Kò mọ̀ ọ́n. Làtífátù lè sọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tán, kò sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, ó dé ibùdókọ̀ Benson. Làtífátù ti kọ́ Festus tó ni kafé náà ní kíláàsì karùn-ún rí. Ọkùnrin onírùngbọ̀n tó níyàwó nílé ni báyìí, kọ̀ǹpútà mẹ́jọ ló sì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bó ṣe rí olùkọ́ rẹ̀, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀.

"Àǹtí! Ẹ káàbọ̀ mà. Kí lẹ fẹ́ ká bá yín ṣe?"

"Mo fẹ́ lo ẹ̀rọ ni. Wákàtí kan."

"Ṣé kí n jókòó tì yín?"

"Rárá. Mo mọ̀ ọ́n."

Festus bá a ṣí ojú ewé yunifásítì náà, ó padà sí àyè rẹ̀. Làtífátù jókòó. Ó di máòsì mú, ọfà kékeré tó wà lójú ẹ̀rọ sì sá lọ sí kọ̀rọ̀. Ó gbé máòsì náà sókè nínú afẹ́fẹ́, ó nà án sí ojú ẹ̀rọ. Ọfà kò mira. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kó lè mọ̀ bóyá wọ́n rí òun. Ó wá nọ́ńbà Kúbúrátù tẹ̀ pẹ̀lú ìka kan. Lẹ́tà kò tò bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé pé kí wọ́n tò ó, ó sì ń wá K bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́ sínú koríko. Ó tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ̀rọ ní kò tọ̀nà. Ó tún un tẹ̀, ẹ̀rọ tún ní kò tọ̀nà. Ní igun ìsàlẹ̀, aago kan ń ka ìṣẹ́jú rẹ̀ sẹ́yìn. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń tẹ tirẹ̀ wàrà-wàrà, kò tiẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Bó bá na ọwọ́ sókè, Festus á dé. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé ẹni tí kò bá mọ nǹkan kó na ọwọ́ sókè. Ọwọ́ tirẹ̀ wúwo.

"Ìtìjú ló kọ́kọ́ dì mí mú," ó sọ fún mi. "Lẹ́yìn náà ni owú sọ̀rọ̀. Ó ní: ta ló rán ẹ níṣẹ́? Ṣé ìwọ ni wàá fọwọ́ ara ẹ gbé e gun orí rẹ? Jẹ́ kí wákàtí náà pé."

Wákàtí náà pé. Ojú ẹ̀rọ ṣú. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni, ó ku bí ìṣẹ́jú àádọ́ta kí wọ́n tó ti ìforúkọsílẹ̀ náà pa.

"Ṣé ó ti bọ́ sí i, mà?" Festus béèrè.

"Ó ti bọ́ sí i."

Kò tíì dé Lásúnwọ̀n tí fóònù rẹ̀ fi dún. "Ìyálé mi, ṣé ó ṣeé ṣe?"

"Mo ti ṣe é."

"Ẹ ṣé gan-an ni! Ọlọ́run á bá yín ṣe tiyín."

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, òun àti ọkọ rẹ̀ lọ kí aláìsàn náà ní Ẹ̀pẹ́. Ilé wọn kò jìnnà sí etí ọ̀sà, atẹ́gùn omi ń wọ yàrá. Ọ̀rọ̀ kò já gaara mọ́ lẹ́nu ìyá àgbà náà, ṣùgbọ́n ó gbá ọwọ́ Làtífátù mú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì lágbára.

"Kúbúrá ròyìn fún mi," ó ní. "Ó ní ìwọ lo bá òun ṣe ìwé òun tí òun fi lè dúró tì mí. Orogún wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ọmọ tìrẹ náà á rí ẹni ṣe é fún."

Ó ṣàdúrà gígùn fún un. Kúbúrátù kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń ṣe àmín. Ṣàmsúdéènì wo ìyàwó rẹ̀ àgbà bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí i gidigidi. Làtífátù náà ṣe àmín. Ó ní èyí tó burú jù ni pé, lábẹ́ àdúrà náà, òun ṣì ń wo Kúbúrátù, òun ń ronú pé: àní ìyá tó nífẹ̀ẹ́ ẹ tó báyìí, o tún ní in. Ìyá Làtífátù ti kú láti ọjọ́ pípẹ́.

Ara ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í yá, ó ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀, Kúbúrátù sì padà sí Ìkòròdú. Ní ọjọ́ ìdánwò, ó múra ní ìdájí, ó sì bá ọkọ wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Ó yẹ kó dé ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀sán ló dé. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, kò bọ́ bàtà.

"Orúkọ mi ò sí níbẹ̀," ó ní. "Wọ́n wá a títí. Wọ́n ní mi ò yan kọ́ọ̀sì kankan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló mà ṣe mí báyìí, ìyálé mi, lẹ́yìn gbogbo wàhálà tí ẹ ṣe!"

Làtífátù bu omi fún un. Ó tún gbọ́únjẹ fún un. Ẹnu rẹ̀ sì sọ pé, "Mo ti sọ fún ẹ nípa ìwé tí kò ní tíṣà." Ó ní fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan, inú òun dùn débi pé ara òun fúyẹ́. Ó tó ìgbà tó rí i tí Kúbúrátù ń fi etí ìró nu ojú, kí ayọ̀ yẹn tó bàjẹ́ mọ́ ọn nínú.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí àṣírí fi tú. Kúbúrátù lọ bá Festus pé kó bá òun wò ó, bóyá ẹ̀rí kan ṣì wà pé wọ́n forúkọ òun sílẹ̀. Festus kò mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀. Ó ní Àǹtí wá lóòótọ́, wọ́n jókòó fún wákàtí kan gbáko, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dìde tí òun tún ẹ̀rọ náà tàn, ojú ewé ìwọlé ló ṣì wà. Wọn ò kọjá ibẹ̀.

Kúbúrátù wálé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ ìyálé rẹ̀. Kò kúnlẹ̀.

"Ìyálé mi, ẹ ò ṣe é."

Làtífátù ń ṣàmì sí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó gbé kálámù sílẹ̀.

"Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe ni, àbí ẹ ò fẹ́ ṣe é?"

Ó sọ fún mi pé òun wá èyí tó sàn nínú méjèèjì, òun ò rí i. Bí òun bá ní òun ò mọ̀ ọ́n, ó tán fún òun gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Bí òun bá ní òun ò fẹ́, ó tán fún òun gẹ́gẹ́ bí èèyàn.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ó ní. "Mi ò sì fẹ́ kó ṣeé ṣe."

"Kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan."

Kúbúrátù sunkún, ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn. Fún oṣù púpọ̀, kíkí àárọ̀ ò kọjá "ẹ káàárọ̀" tí wọ́n ń sọ lórí ìdúró. Fisáyọ̀ ò wá sí pálọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ṣàmsúdéènì béèrè ohun tó ba ìdánwò jẹ́, Kúbúrátù ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Wọn ò jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Làtífátù gbọ́ ọ láti inú ilé ìdáná.

"Mo rò pé n ó dúpẹ́," ó sọ fún mi. "Owú ni mo jẹ. Mo jowú ìwà rere rẹ̀ pàápàá. Ká ní èmi ni, ǹ bá ti tú àṣírí náà."

Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi, ó padà sí kafé Festus. Ó bá a níbi tó ti ń tún wáyà ṣe, ó sì sọ fún un pé lọ́jọ́ yẹn òun ò mọ nǹkan kan, kó wá kọ́ òun. Festus fẹ́ sọ pé kò tọ́, ó rí ojú rẹ̀, ó fa àga fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ń lọ ní ọ̀sánọ̀sán. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà, bí wọ́n ṣe ń fi í-meèlì ránṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí sáà tuntun ṣí, ó bá Kúbúrátù ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Fún mi ní nọ́ńbà rẹ, kí n lọ ṣe é níṣojú rẹ." Kúbúrátù fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, wọ́n sì jọ lọ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló tẹ páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Kò jẹ́ kí Làtífátù rí i. Làtífátù ní òun ò lè bá a wí.

Ní ọdún 2008, òun náà forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì kan náà. Ìwé NCE rẹ̀ jẹ́ kí wọ́n gbà á sí ọdún kejì. Kọ̀ǹpútà ilé kan náà ni wọ́n ń lò. Kúbúrátù fi àyè sílẹ̀ fún un láàárín ọ̀sán, kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i. Nítorí sáà tí Kúbúrátù pàdánù, kọ́ọ̀sì kan ṣẹ́kù tó di dandan kí àwọn méjèèjì jọ ṣe. Wọ́n jọ kà á. Bí ọ̀kan bá ń ka ìbéèrè, èkejì á máa dáhùn. Fisáyọ̀ ti ń wá sí pálọ̀ padà nígbà náà, bí kò tilẹ̀ rí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Kúbúrátù ṣe àṣekágbá ní ìparí ọdún 2009. Kó tó gba èsì, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ẹ̀pẹ́ ti gbà á síṣẹ́, ó sì ń lọ ń bọ̀ kó lè máa rí ìyá rẹ̀. Làtífátù ṣì ku ọdún kan àti ààbọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí èsì kọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ṣe jáde, mo bi í níbi tábìlì wa bóyá owú náà ti lọ. Ó ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́.

"Ó ṣì wà," ó ní. "Máàkì mẹ́rin péré ló fi jù mí lọ. Mo kí i kú oríire, mo gbá a mọ́ra, mo wọlé, mo sì tún máàkì náà kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá wọ́n ṣì í."

"Ṣé wọ́n ṣì í?"

"Wọn ò ṣì í."

Aago ìsinmi lù. Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ìró rẹ̀, ó dìde, ó sì lọ bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.